Ẹni Tó Pa Bọ́nẹ́ẹ̀tì Dé

"A-tú-ẹ́ńjìnnì-má-sọ-nọ́ọ̀tì-nù!"

Bí bàbá mẹkáníìkì ṣe ki ọmọ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan nìyẹn, àmọ́ kì í ṣe Sípánà ló ń kì. Láti ìgbà tí Sípánà, àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, ti ń bá a ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ilé ìwé, òun nìkan ló ni oríkì yìí. Lónìí, Kékeré, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ni wọ́n gbé e fún, ọmọ tó ṣì ń fi aṣọ ilé ìwé nu gíríìsì.

Ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù àtijọ́ tí káfíńtà fi ń kó pákó ló wà nílẹ̀. Àwọn kọ́ìlì tó ń gbé iná fún púlọ́ọ̀gì rẹ̀ ti gbó, ó wá ń wúkọ́ bí arúgbó tí òtútù mú. Bàbá kó kọ́ìlì tuntun lé Kékeré lọ́wọ́.

"Bàbá, èmi ńkọ́?"

"Ìwọ dúró tì í. Bó bá parí, yẹ̀ ẹ́ wò, kó o pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé."

Sípánà ń kùn sínú. Ṣé òun wá di ẹni tó ń pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé fún Kékeré? Owú ò jẹ́ kó rántí pé bàbá kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn pa bọ́nẹ́ẹ̀tì oníbàárà dé.

Kékeré ṣiṣẹ́ títí, ahọ́n rẹ̀ yọ síta. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi wò ó. Ṣó dáa?"

Sípánà wò ó. Ẹnu wáyà kọ́ìlì tó kẹ́yìn ò wọlé. Kékeré kàn gbé e lé e ni. Kó tẹ̀ ẹ́ kó dún "kọ́", ó parí.

"Ó dáa gan-an, ọ̀gá àwọn ọ̀gá," ló wí, ó sì pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé gbàà.

Ẹ́ńjìnnì jí, káfíńtà di ẹrù pákó, ó lọ. Kí ọ̀sán tó pọ́n, okùn ni wọ́n fi wọ́ ọkọ̀ náà padà.

"Ó gun òkè dé àárín, ló bá ń gbọ̀n, ló bá kú," káfíńtà wí. "Ó yí sẹ́yìn, pákó dà sí títì. Díẹ̀ ló kù kó pa ọmọ ọlọ́mọ."

Kékeré bú sẹ́kún. "Èmi ni mo ba iṣẹ́ jẹ́, Bàbá. Ẹ̀gbọ́n mi ò mọ̀ sí i."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Sípánà ju pàṣán lọ. Ó kúnlẹ̀. "Mo rí i, Bàbá. Mo rí wáyà tí ò wọlé, mo dákẹ́. Oríkì tẹ́ ẹ fún un ló ń dùn mí."

Bàbá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. "Ta ló ń pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé ní ṣọ́ọ̀bù yìí?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"Ẹni tó bá pa á dé ló ń jẹ́rìí pé iṣẹ́ pé. Iṣẹ́ ọmọdé ni mo fún àbúrò ẹ. Ipò tèmi ni mo gbé fún ẹ."

Ó tẹ wáyà náà. Ó dún "kọ́". Sípánà nawọ́ sí bọ́nẹ́ẹ̀tì, àmọ́ bàbá ti pa á dé fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó bá tẹjú mọ́ àwo ẹlòmíràn, eṣinṣin ni yóò bá a jẹ tirẹ̀. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí owú fọ́ wa lójú sí ohun tí wọ́n ti gbé lé wa lọ́wọ́.