Ọjọ́ Orí Ìyá Àjíkẹ́

Ìwé ni Amudat gbé wá sí àdúgbò Doka ní Kaduna lọ́dún 1997, ọkàn rẹ̀ ló fi síbẹ̀ lọ. Ọ̀gá rẹ̀ ní yunifásítì ló ní kí ó wá àwọn arúgbó rí, kí ó kọ ọjọ́ orí wọn àti ti ará ilé wọn, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá inú ẹ̀jẹ̀ ni ẹ̀mí gígùn ti ń wá.

Waris tó ń tún fíríìjì ṣe ló ṣílẹ̀kùn. Ìyá Àjíkẹ́, ìyá bàbá rẹ̀, jókòó sórí ẹní, ó ń fi òwú sínú abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ lọ́mọ ọdún méjìlélọ́gọ́rùn-ún. Waris gbé kúnú tútù fún àlejò, ó ní, "Ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ pẹ́ láyé ni?"

Ẹ̀rín pa Amudat. Kí a tó ṣẹ́jú pẹ́, ìwádìí ọjọ́ kan ti di ti oṣù mẹ́fà, Waris ti ń pè é ní Oníwèé mi. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé kò sí ìwádìí tó ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ìyá ka ọjọ́ orí àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ mẹ́ta tó ti kú: ọdún mọ́kànlélógójì, méjìdínlógójì, mẹ́rìnlélógójì. Amudat ò béèrè ohun tó pa wọ́n. Ta ló ń bi abiyamọ pé báwo lọmọ rẹ ṣe kú? Ó fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo nínú ìwé.

Nígbà tí Waris ránṣẹ́ ìtọrọ, Alhaji Rájí, bàbá Amudat, ní òun gbọ́dọ̀ wádìí ilé náà. Kò rìn jìnnà. Orí tábìlì ọmọ rẹ̀ ló ti rí ìwé.

"Ìyá lé lọ́gọ́rùn-ún, ọmọ kankan ò pé àádọ́ta," ó ní. "Ọjọ́ orí wọn ló ń lò. Ọmọ mi ò ní í ti kékeré dopó."

Amudat ṣàlàyé, ó sunkún. Ó ní arúgbó kì í gba ọjọ́ orí ẹnikẹ́ni, pé bí ẹ̀mí gígùn bá wà nínú ẹ̀jẹ̀, Waris gan-an lè ti jogún rẹ̀. Bàbá kọ etí ikún.

Ni Amudat bá bi Waris ní ohun tí kò lè bi Ìyá. Ọkọ̀ ló dojú dé pẹ̀lú bàbá Waris lọ́nà Tegina. Odò Kaduna ló gbé èkejì lọ. Sankarau, àìsàn tó ń gan ọrùn, ló pa ẹ̀kẹta. Kò sí èyí tó kan ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Amudat kọ wọ́n sí ibi tó ti fi sílẹ̀ lófìfo.

Alhaji ka ìwé náà lẹ́ẹ̀kejì, ojú tì í, ó ní kí Waris máa bọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti sọ nípàdé ẹgbẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ pé ọjọ́ orí àwọn ọmọ rẹ̀ ni Ìyá Àjíkẹ́ ń lò, ọ̀rọ̀ náà sì ti dé etí Ìyá. Arúgbó náà ti àwo oúnjẹ sẹ́yìn. Ó ní òun ti pẹ́ jù, kí òun má baà lo ti Waris náà. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, wọ́n sin ín.

Amudat lọ kí Waris kú àṣẹ̀yìndè. Waris ò bínú sí i. Ìyẹn ló dùn ún jù.

"Oníwèé mi," ó ní, "mo fẹ́ràn rẹ. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí o bá gbé oúnjẹ síwájú mi, Ìyá ni n óò máa rí. Máa lọ. Ọlọ́run á fún ọ lẹ́mìí gígùn."

Amudat ò lè ṣe àmín.

Nígbà tó délé ní àdúgbò Nasarawa, ó ṣí ìwé. Ó kọ orúkọ Ìyá sábẹ́ ti àwọn ọmọ rẹ̀ tó ti kú, ó kọ ọdún méjìlélọ́gọ́rùn-ún. Lọ́tẹ̀ yìí, kò fi ibi ohun tó pa á sílẹ̀ lófìfo. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ìwé yìí ni."