Ọjọ́ Márùn-ún Nínú Àpò

Ogójì agbẹjọ́rò ń rìn lójú títì nínú oòrùn ọ̀sán, gbogbo wọn wọ gáùn dúdú, nígbà tí gìgísẹ̀ bàtà ọ̀kan nínú wọn já. Obìnrin náà dúró lórí ẹsẹ̀ kan, ó gbé ojú sókè. Ọkùnrin kan ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kápẹ́ńtà. Pẹ́ńsùlù wà létí rẹ̀, lẹ́búlẹ́bú pákó sì bo ìpéǹpéjú rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó kàn fa àga kan tí wọn kò tíì kùn lọ́dà síta.

"Ẹ jókòó. Ẹ mú bàtà yẹn wá."

"Ṣé ẹ máa ń tún bàtà ṣe ni?"

"Rárá o. Ṣùgbọ́n igi ló wà nínú gìgísẹ̀ yìí. Ẹni tó tà á fún yín ló pè é ní awọ." Ó kan ìṣó méjì mọ́ ọn. "Kí ló dé tí gbogbo lọ́yà fi ń fẹsẹ̀ rìn? Ṣé ẹjọ́ ti tán láyé ni?"

Obìnrin náà ṣàlàyé fún un. Àwọn ènìyàn ti ṣèlérí owó fún gbogbo máìlì tí wọ́n bá rìn. Owó náà ni wọn yóò fi dá ọ́fíìsì kan dúró, níbi tí tálákà yóò ti máa rí agbẹjọ́rò lọ́fẹ̀ẹ́.

Òòlù ọkùnrin náà dúró lókè. "Lọ́fẹ̀ẹ́? Ẹ̀yin lọ́yà? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbowó lórí 'ẹ káàárọ̀'?"

"Ìdí nìyẹn tí Ọlọ́run fi já bàtà mi."

Ìgbà yẹn ló tó rẹ́rìn-ín. Ó na bàtà sí i. "Ẹ bá mi fi máìlì kan kún un. Ẹjọ́ ilé ìyá mi wà ní kóòtù, a kò sì ní ẹni tí yóò bá wa sọ̀rọ̀."

Yàrá kan ni ọ́fíìsì náà, lókè ilé ìtajà oògùn. Tábìlì méjì àti bẹ́ǹṣì kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì ló wà níbẹ̀. Obìnrin náà jókòó sí tábìlì kan. Ọ̀gá rẹ̀, àgbà agbẹjọ́rò tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bàbá Fáìlì, jókòó sí ìkejì. Aránṣọ ni ìyá kápẹ́ńtà. Ọlọ́rọ̀ kan ti mú ìwé jáde pé ọkọ rẹ̀ ta ilé náà fún òun kí ó tó kú. Ìyá náà mọ ọwọ́ ìkọ̀wé ọkọ rẹ̀, ó sì mọ̀ pé èyí kì í ṣe tirẹ̀. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kò tún un sọ. Ó wo agbẹjọ́rò náà láti orí dé ẹsẹ̀.

"Gáùn yìí gùn jù fún ọ, ọmọ mi. Ìwọ yóò fi ṣubú lọ́jọ́ kan."

Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọmọ rẹ̀ ń bá a wá. Nígbà tó yá, ó ń dá wá. Ó tún ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì ṣe. Ó tún ilẹ̀kùn ṣe. Lẹ́yìn náà ó dojú kọ dúrọ́ọ̀ kan tí kò ní àléébù.

"Kápẹ́ńtà, kí ló ṣe dúrọ́ọ̀ yẹn?"

"Kò tíì ṣe nǹkan kan. Mò ń bá a sọ̀rọ̀ kí ó má baà bàjẹ́ ni."

Bàbá Fáìlì wúkọ́ sínú ìwé tó ń kà.

Wọ́n pàdánù ẹjọ́ náà ní oṣù kẹjọ. Ilé ẹjọ́ fún wọn ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ọjọ́ márùn-ún ló kù nígbà tí kápẹ́ńtà dúró lórí àtẹ̀gùn tí kò lọ, tí kò bọ̀.

"Láti oṣù mẹ́jọ ni mo ti ń pè yín ní ẹ̀yin. Ó ti sú mi. Ṣé mo lè pè yín ní ìwọ?"

"Pè mí bẹ́ẹ̀."

"Mo fẹ́ ọ, lọ́yà mi."

Obìnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú, lẹ́búlẹ́bú pákó sì lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀.

Òfin ọ́fíìsì náà kò lọ́rọ̀ méjì: agbẹjọ́rò tí ọkàn rẹ̀ bá fà sí ará ilé oníbàárà gbọ́dọ̀ gbé fáìlì fún ẹlòmíràn lọ́jọ́ náà gan-an. Ó mọ òfin yìí. Òun ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri. Ṣùgbọ́n bí fáìlì bá di ti Bàbá Fáìlì, ọjọ́ Ìṣẹ́gun yóò di tirẹ̀ pẹ̀lú. Kò tíì dá obìnrin náà lójú pé ìfẹ́ lè rí ọ̀nà mìíràn wá yàtọ̀ sí ọ̀nà fáìlì. Òfin náà kò jẹ́ kó fọwọ́ sí ìwé kankan nínú rẹ̀ mọ́, síbẹ̀ ó fi fáìlì sínú àpò. Ó ní ọ̀la. Ọ̀la bí ọ̀la mìíràn. Ọ̀sán ọjọ́ tó kẹ́yìn ló tó gbé e kalẹ̀ níwájú ọ̀gá rẹ̀. Aago méjì ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn kóòtù. Bàbá Fáìlì sáré lọ, ó bá a pé wọ́n ti tì í.

Ó ku kí wọ́n bẹ ilé ẹjọ́ fún àfikún ọjọ́, pẹ̀lú ìwé ìbúra tó sọ ìdí.

"Kọ ọ́ pé ara rẹ kò yá," ni Bàbá Fáìlì wí.

"Ara mi yá, sà."

"Ọmọ mi, irọ́ kékeré ni. Ilé ni ìyẹn."

"Ìwé irọ́ ni wọ́n fi gba ilé náà, sà. N kò lè fi irú rẹ̀ gbà á padà."

Akọ̀wé kóòtù ka ìwé náà sókè. Ìyá jókòó síwájú, ọmọ rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. *Èmi ni mo dá fáìlì dúró fún ọjọ́ márùn-ún. N kò ṣàìsàn. Mo mọ̀ pé bí mo bá gbé e sílẹ̀, ọmọ oníbàárà mi kò ní rí ìdí wá sọ́dọ̀ mi mọ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀.*

Adájọ́ yọ awò ojú rẹ̀. Ó ní ilé ẹjọ́ gbọ́, ṣùgbọ́n òfin kò ka ìyẹn sí ìdí.

Ìyá dìde. "Ọmọ mi, jẹ́ ká lọ kó ẹrù."

Kápẹ́ńtà wá lẹ́ẹ̀kan sí i, láti kó irinṣẹ́ rẹ̀. "Ẹnu akọ̀wé ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ pé o fẹ́ràn mi."

"Mo mọ̀."

"Inú mi dùn. Ibẹ̀ ló ti burú jù. Ìyá mi ń kó ìkòkò sínú páálí, inú mi ń dùn." Ó gbé àpótí rẹ̀. "N kò lè mú ọ wá síwájú rẹ̀."

"Má mú mi wá."

Ó sọ̀ kalẹ̀ dé àárín àtẹ̀gùn, ó yíjú padà. "Ó dàbọ̀, ẹ̀yin lọ́yà." *Ẹ̀yin* yẹn ló dun obìnrin náà jù.

Ọdún yípo. Àwọn agbẹjọ́rò tún rìn. Bàtà kan náà ni obìnrin náà wọ̀. Ìṣó méjèèjì ṣì dì í mú. Kápẹ́ńtà ti to àga mẹ́fà síwájú ṣọ́ọ̀bù fún ẹni tó bá rẹ̀. Wọ́n ń jókòó ní mẹ́fà-mẹ́fà, àfi obìnrin náà. Ọkùnrin náà kò gbé ojú sókè nídìí pákó, ṣùgbọ́n ìfági rẹ̀ dúró títí obìnrin náà fi kọjá.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, ìyá gun àtẹ̀gùn wá. Ó sinmi lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó dé òkè. Aṣọ rẹ̀ ti tóbi jù fún un.

"Ẹ káàbọ̀, Mà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó."

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó fi ọwọ́ mì ín wò. "Dókítà ti sọ tirẹ̀. Mo fẹ́ kọ ìwé ìhágún."

"Ẹ jẹ́ kí ọ̀gá mi kọ ọ́ fún yín, Mà."

"Ìwọ ni mo wá bá. Ẹlòmíràn ì bá purọ́, bóyá ǹ bá wà nílé mi. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń ṣépè fún ọ. Nígbà tó yá, mo rò ó pé ẹni tí kò lè purọ́ nítorí ilé mi, kò ní purọ́ mọ́ òkú mi. Kọ ọ́."

Ó kọ ọ́. Ìkòkò jẹ́ ti aládùúgbò. Bẹ́ẹ̀dì jẹ́ ti ọmọ.

"Ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo fi sílẹ̀ fún ìyàwó ọmọ mi."

Kálámù dúró ní àárín ìlà. "Mà, ọmọ yín kò ní ìyàwó."

"Kò ní. Ó ń to àga síta fún ẹni tí kì í jókòó." Ìyá wò ó. "Inú ń bí mi síbẹ̀ o. Mi ò purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ fi ọmọ mi sílẹ̀ lóun nìkan. Orúkọ ara rẹ ni kó o kọ síbẹ̀."

Ẹni tí a há ogún fún kò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé náà. Ó fi kálámù sílẹ̀, ó dìde, ó gbé ìwé náà lọ sórí tábìlì Bàbá Fáìlì.

"Ẹ gbà á, sà. N kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i mọ́."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìsinsìnyí."

Láti orí bẹ́ǹṣì, ìyá mí kanlẹ̀. "Èyí yá ju ti ìjọsí," ló wí. "Ọmọ mi wà nísàlẹ̀. Ó ní òun kò ní gòkè àfi bí o bá pe òun. Kó o sì bọ́ gáùn yẹn fún mi, kí n gé e nígbà tí mo ṣì lágbára."

Obìnrin náà jáde sórí àtẹ̀gùn. Ọkùnrin náà dúró nísàlẹ̀, kò mú irinṣẹ́ kankan lọ́wọ́.

"Máa bọ̀," ni obìnrin náà wí.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn náà ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé ìgbéyàwó. Ìyá ni ẹlẹ́rìí. Kò pé oṣù kan tí wọ́n fi sin ìyá náà. Nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ ìránṣọ náà wá sílé, gáùn dúdú ṣì wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ìdajì etí rẹ̀ ti kúrú, ìdajì ṣì gùn. Obìnrin náà kò jẹ́ kí aránṣọ kankan parí rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wọ̀ ọ́ rìn ní ọdún kẹta. Nígbà tó dé iwájú ṣọ́ọ̀bù kápẹ́ńtà, ó jókòó.