Aránṣọ Ayẹta àti Ọ̀gbẹ́ni Kò-Yege

Ìgbà àkọ́kọ́ tí aránṣọ náà fojú kan ọkùnrin yìí, aṣọ ló ń bẹ̀. Ó ga gan-an, ó dúdú, ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní òpin yàrá gbọọrọ tó wà níwájú rẹ̀, wọ́n de aṣọ ayẹta kan, aṣọ tó ń dá ọta ìbọn dúró, mọ́ òkìtì amọ̀ rírọ̀. "Má bínú o," ó sọ fún aṣọ náà jẹ́jẹ́. Ó wá bo etí rẹ̀ méjèèjì, ó sì yìnbọn.

Nígbà tó yíjú padà, ó bá obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ́nu ọ̀nà tó ń fọwọ́ bo ẹ̀rín mọ́lẹ̀. Ó bi í pé kí ló pa á lẹ́rìn-ín.

"Mi ò rí ẹni tó ń bẹ aṣọ rí."

"Ẹnì kan ló jókòó rán an," ọkùnrin náà dáhùn. "Ẹni yẹn ò sí níbí, ni mo ṣe ń bẹ aṣọ."

Aránṣọ tuntun ni obìnrin náà. Ọjọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ayẹta náà nìyẹn. Kó tó débẹ̀, yunifọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé àti kọ́tìnnì ló ń rán, ojú rírán rẹ̀ tó mọ́ tónítóní ni wọ́n sì rí tí wọ́n fi ránṣẹ́ pè é. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí àwọn tí wọ́n jọ ń ránṣọ fi sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́, torí pé ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ọkùnrin náà ti ní orúkọ tirẹ̀ tipẹ́. Kò-Yege ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń dán gbogbo ohun tí ilé iṣẹ́ náà bá ṣe wò kó tó jáde, ọ̀rọ̀ méjì yẹn ló sì pọ̀ jù nínú ìwé rẹ̀.

Ẹni tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, arúgbó kan tí gbogbo wọn ń pè ní Bàbá Rédíò, fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ìtàn ibẹ̀ fún ẹni tuntun. Ó ní yàrá kan lẹ́yìn ilé lòun àti ìyàwó òun ti bẹ̀rẹ̀, ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, pẹ̀lú tábìlì kan ṣoṣo. Rédíò àwọn ṣọ́jà lòun ń tún ṣe nígbà náà. Ọ̀rẹ́ òun kan tó jẹ́ ṣọ́jà pe fún ìrànlọ́wọ́ lọ́jọ́ kan nínú òjò, àmọ́ omi ti wọ inú rédíò rẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Kò padà wá mọ́. Ni tọkọtaya náà bá jókòó ti iṣẹ́ títí wọ́n fi ṣe rédíò tí èèyàn lè rì sínú garawa omi tí yóò ṣì máa sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn rédíò, wọ́n ṣe ẹ̀rọ tó ń wá bọ́ǹbù tí wọ́n bò mọ́lẹ̀, wọ́n ṣe akoto tí ṣọ́jà ń dé, kó tó wá kan aṣọ ayẹta.

"A kì í ṣe ohun tó ń pa èèyàn níbí," Bàbá Rédíò sọ fún Abẹ́rẹ́. "Ohun tí èèyàn fi ń padà délé là ń ṣe."

Bẹ́ǹṣì kan wà lábẹ́ fèrèsé yàrá ìgéṣọ. Ibẹ̀ ni Abẹ́rẹ́ ti máa ń jẹun ọ̀sán, ibẹ̀ náà sì ni Kò-Yege wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ tirẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yàrá rẹ̀ jìn síbẹ̀ gan-an. Ó ṣàlàyé fún un pé kò tó kí ayẹta dá ọta dúró. Lẹ́yìn tí òun bá yìnbọn tán, òun á tún fi rúlà wọn kòtò tí aṣọ náà tẹ̀ sínú amọ̀, torí pé tí kòtò yẹn bá ti jìn jù, egungun àyà ẹni tó wọ̀ ọ́ ti fọ́ nìyẹn. Abẹ́rẹ́ ní òun ń ṣàánú obìnrin tó máa fẹ́ irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀, torí pé yóò máa fi rúlà wọn iyọ̀ ọbẹ̀ rẹ̀. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí oúnjẹ fi gbé e lọ́fun.

Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, lórí bẹ́ǹṣì yìí kan náà, ó ti ìgò omi rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Abẹ́rẹ́ mi, àtọjọ́ tí mo ti mọ̀ ẹ́ ni mo ti ń wá àléébù lára rẹ. Iṣẹ́ mi ni. Mi ò rí i."

"Ṣé mo ti yege nìyẹn?"

"Ó ku kí n kọ ọ́ sílẹ̀."

Abẹ́rẹ́ wo iwájú, ó ní kí ó yáa tètè kọ ọ́ kí yíǹkì tó tán. Àmọ́ nígbà tó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ló rán apá òsì sí ààyè apá ọ̀tún.

Ìyá Abẹ́rẹ́ ni ìṣòro. Ṣọ́jà ni ọkọ rẹ̀. Ọta ló pa á nígbà tí ọmọbìnrin wọn wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, òun nìkan ló sì tọ́ ọmọ náà dàgbà. Nígbà tí Abẹ́rẹ́ sọ fún un pé òun ti rí ẹni tí òun fẹ́, inú rẹ̀ dùn, ó béèrè iṣẹ́ tí ẹni náà ń ṣe. Bó ṣe gbọ́ pé ó ń yìnbọn, kò dúró gbọ́ ìyókù.

"Ìbọn ò ní wọ ilé yìí lẹ́ẹ̀kejì," ó sọ, ó sì ń ká aṣọ tó wà níwájú rẹ̀ lọ.

Àárín oṣù yẹn gan-an ni ayẹta igba tí Abẹ́rẹ́ ṣe olórí rírán wọn parí. Ó ti fi gbogbo ara ṣe é, gbogbo ilé iṣẹ́ ló sì ń yìn ín. Kò-Yege mú ọ̀kan níbẹ̀, ó rì í sínú táńkì omi láti àárọ̀ dọ̀sán, ó yọ ọ́, ó yìnbọn sí i. Ọta gba inú rẹ̀ kọjá. Ó mú òmíràn, bákan náà ló rí. Olórí àwọn tó ń bá ilé iṣẹ́ tajà bẹ̀ ẹ́ pé gbígbẹ ni kó dán wọn wò, torí pé àwọn tó fẹ́ rà á ò sọ̀rọ̀ omi, àti pé ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ ló kúkú rán an. Kò-Yege fa ìwé rẹ̀ súnmọ́ra. Ó kọ ọ̀rọ̀ méjì rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ náà dun Abẹ́rẹ́ dé ọkàn. Ó ní ìyá òun ti kọ ọkùnrin yìí, síbẹ̀ òun ò fi í sílẹ̀, òun náà ni ọkùnrin náà sì wá dójú tì. Odidi ọjọ́ mẹ́wàá ni kò jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Kò-Yege ń jókòó síbẹ̀ ní tirẹ̀, kì í sì í ṣí abọ́ oúnjẹ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kọkànlá, ìbínú Abẹ́rẹ́ kò jẹ́ kó lè jókòó. Ó gbé ọ̀kan nínú àwọn ayẹta tó gbọta náà, ó tú u sí wẹ́wẹ́ lórí tábìlì, kó lè fi hàn pé iṣẹ́ òun ò ní àléébù. Àpò tí omi kì í wọ̀ ni wọ́n fi bo àwọn ìpele aṣọ inú rẹ̀, torí pé tí omi bá ti wọ̀ wọ́n, wọn ò lè dá ọta dúró mọ́. Ó na àpò náà sí ojú iná, ó wò ó. Ìlà ihò tíntìntín kan rèé, tó ń tan ìmọ́lẹ̀ láti èjìká dé ìbàdí. Ojú ibi tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti gbà ni. Ojú rírán tó mọ́ tónítóní, tí gbogbo èèyàn ń yìn, òun ni omi gbà wọlé.

Ó gbé àpò náà lọ bá Kò-Yege. Kò kí i.

"Èmi ni," ó sọ. "Ihò abẹ́rẹ́ mi ni."

Ọkùnrin náà gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò ó, kò sọ pé ṣé òun ò ti wí. Ohun tó sọ ni pé, "Báwo la ṣe máa dí i?"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi dí i. Abẹ́rẹ́ yí ojú rírán padà, ó ká etí àpò náà lé ara wọn, ó wá fi téèpù tó ń yọ́ tẹ orí rẹ̀, ó sì fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀ ọ́. Èyí àkọ́kọ́ jóná. Ìkejì ń jò. Ìkẹtàlá ni wọ́n rì sómi láti àárọ̀, tí Kò-Yege yìnbọn sí, tó tú aṣọ inú rẹ̀ wò, tó sì bá a pé ó gbẹ bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé e, ọta ò sì gbà á kọjá. Ó wọn kòtò inú amọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá fa ìwé rẹ̀ fún Abẹ́rẹ́ pé kó fúnra rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó yege.

Abẹ́rẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ nílé, láìfi ìkankan pamọ́. Ìyá náà gbọ́ ọ dópin. Lẹ́yìn náà, ó ní kí ó mú ọkùnrin náà wá.

Kò-Yege wá lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì jókòó sí etí àga. Ìyá kò fi ọ̀rọ̀ ṣòfò.

"O mọ̀ pé ọmọ mi ló rán àwọn aṣọ yẹn kó o tó kọ ọ́ pé wọn ò dáa?"

"Mo mọ̀, mà."

"O mọ̀ pé á bínú?"

"Mo mọ̀, mà. Mo rò pé mo ti pàdánù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹlòmíràn ló máa wọ̀ ọ́."

Ìyá fọwọ́ pa ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀. "Wọ́n fún ọkọ mi náà ní ayẹta. Ẹnì kan ló fọwọ́ sí i pé ó dára. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ronú ẹni yẹn, pé irú èèyàn wo ni." Ó gbé ojú sókè. "Fẹ̀yìn ti àga, ọmọ mi. O jókòó bí ẹni tó fẹ́ sá."

Abẹ́rẹ́ yí ojú sí fèrèsé kí wọ́n má baà rí omijé rẹ̀. Kò-Yege fẹ̀yìn ti àga. Níbẹ̀ náà ló ti bi Abẹ́rẹ́, níwájú ìyá rẹ̀, bóyá yóò fẹ́ òun. Abẹ́rẹ́ ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń dúró de ìbéèrè yẹn, pé ohun gbogbo ni ọkùnrin yìí ń fi sùúrù ṣe.

Nígbà tó di oṣù kẹta, wọ́n lọ sí ọ́fíìsì ìgbéyàwó. Bàbá Rédíò wà níbẹ̀ tòun ti ìyàwó rẹ̀, àwọn aránṣọ sì kún ìlà méjì. Akọ̀wé kọ orúkọ, ó kọ ọjọ́ orí, ó wá béèrè iṣẹ́ ọkọ ìyàwó. Kò-Yege ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu ni ìyá ìyàwó bá gba ọ̀rọ̀ náà láti ẹ̀yìn.

"Kọ ọ́ pé ẹni tí kì í fọwọ́ sí irọ́ ni."

Akọ̀wé wo ìwé, ó wo ìyá, ó ní àyè tó wà níbẹ̀ kéré.

"Kọ ọ́ ní wẹ́wẹ́," ìyá wí, ó sì dúró tì í títí ó fi kọ ọ́ tán.