Ẹ̀jẹ̀ Tí Ibà Ń Júbà

Ọmọbìnrin náà ń gbọ̀n lórí bẹ́ẹ̀dì, eyín rẹ̀ ń kọlu ara wọn. Dókítà gbé ọwọ́ kúrò níwájú orí rẹ̀, ó kọjú sí baba rẹ̀, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì.

"Ẹ̀fọn ilẹ̀ olóoru tí ẹ ti ń bọ̀ yìí kì í ṣeré. Ṣé ọmọ yín lo oògùn tó ń dènà ibà?"

"Ó lò ó."

"Lójoojúmọ́?"

"Dókítà, nínú ilé tèmi, a kì í gbàgbé nǹkan."

Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ ò rí ibà. Níwọ̀n ìgbà tí ọmọ sì ti lo oògùn, dókítà ní kí wọ́n máa wá àìsàn mìíràn. Báyìí ni irọ́ kan ṣe kó gbogbo nọ́ọ̀sì gba ọ̀nà tí kò já síbì kan, tí ara ọmọ sì ń gbóná sí i.

Ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan, obìnrin tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Ìyá Ìbéèrè, bá bàbá náà ní ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù. Ayàwòrán kan tó ti irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀ dé wà ní yàrá kejì, ibà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á, ó ń ṣèrànrán pé ẹ̀jẹ̀ àgbà ni òun ní, ibà ò lè ṣe òun.

"Bàbá, ẹ kú aájò. Ẹ̀jẹ̀ àgbà, ṣé ẹ ti gbọ́ ọ rí?"

"N ò gbọ́ ọ rí."

"Kí ló dé tí ẹ ń wolẹ̀?"

"Bàtà mi ni mò ń wò."

"Bàtà ò mọ nǹkan kan, sà. Ẹ̀yin ni mò ń bi. Ayàwòrán yẹn lè má rí ọ̀la. Ọmọ tiyín ńkọ́?"

Bàbá yí padà, ó wọlé tọ dókítà lọ. Ohùn rẹ̀ dà bíi ti ọmọ kíláàsì àkọ́kọ́ tó tọ̀ sára.

"Kò lo nǹkan kan. Èmi ni mo gba oògùn lọ́wọ́ rẹ̀."

Dókítà ò bú u. Ìyẹn gan-an ló dùn ún jù. Wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò, ibà ti kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Wọ́n fa omi oògùn sí i lára kíákíá.

Bàbá wá tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún Ìyá Ìbéèrè. Ọmọ òun ti ra oògùn tirẹ̀ lọ́dọ̀ apòògùn, àmọ́ òun bàbá ló ní kí àwọn kọ́kọ́ dé, kí àwọn tó wọkọ̀, ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Awòẹ̀jẹ̀, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè ṣọ́ọ̀bù àpótí ìrìn àjò. Ọkùnrin onírùngbọ̀n náà, nínú kóòtù funfun, gún òun níka, ó tẹjú mọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo kòkòrò àìrí, ó sì ṣí fìlà.

"Ọ̀gá mi, irú yín ṣọ̀wọ́n. Ẹ̀jẹ̀ àgbà rèé. Àwọn ẹlẹ́jẹ̀ omi ló ń lo oògùn. Ibà kì í ṣe irú yín, ńṣe ló ń júbà yín. Ta ló bí ọmọ yìí?"

"Èmi ni."

"Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn."

Ó gba owó iṣẹ́, ó ní kí wọ́n kó oògùn ọmọ náà fún òun pẹ̀lú, kó má baà ba ẹ̀jẹ̀ iyebíye jẹ́. Ọmọ ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n kúkú máa lò ó." Bàbá bi í bóyá ohun tó ń sọ ni pé ẹ̀jẹ̀ ìdílé àwọn ò dára, ó sì gba oògùn náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ọlọ́pàá àti bàbá fi dé ọ́fíìsì náà, fèrèsé ti ṣí gbayawu, ife tíì ṣì ń rú èéfín lórí tábìlì. Ìyá Ìbéèrè ní kí bàbá wo inú ẹ̀rọ náà.

"Kí lẹ rí?"

"Ojú kan."

"Ojú ta?"

Ó tún un wò. Dígí kékeré ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀.

"Ojú mi ni."

Ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu ọ̀nà sáré yíjú sí ògiri kí wọ́n má baà rí ẹ̀rín rẹ̀.

Ẹni tó ń ta àpótí nísàlẹ̀ sọ pé Awòẹ̀jẹ̀ ra ọ̀kan lójijì, ó ní ọkọ̀ ojú omi ń dúró de òun. Wọ́n fi eré lé e dé èbúté. Èrò tó ń lọ sí ilẹ̀ olóoru tò lọ rẹrẹ, kò sì sí kóòtù funfun láàárín wọn. Bàbá nìkan ló lè dá a mọ̀. Àwọn méjì nínú àwọn tó ti kọ́ níwèé wà lórí ìlà, wọ́n ti di ẹni ńlá. Wọ́n kí i: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, sà."

Òṣìṣẹ́ ìlera ń bi ẹnì kọ̀ọ̀kan bóyá ó ti lo oògùn ibà.

"Láti ìjẹta ni mo ti ń lò ó," ni ọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fá irùngbọ̀n dáhùn. "Ta ló fẹ́ kú?"

Bàbá mọ ohùn náà. Ó wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́, ẹnu rẹ̀ wúwo. Ọkùnrin náà gbé ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀.

"Awòẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tìẹ ńkọ́?" Bàbá ló kígbe. Gbogbo èbúté yíjú. "Ẹ mú un. Èmi ni òmùgọ̀ tó gbà á gbọ́."

Awòẹ̀jẹ̀ fò padà sórí ilẹ̀, ó kọlu agbẹ́rù kan, àpótí ọwọ́ rẹ̀ já bọ́, ó sì ṣí. Oògùn ibà, ojúlówó, dà sílẹ̀ bí àgbàdo. Ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ níbi tó ti ń ṣà á.

"Ta lò ń ta oògùn tí o gbà lọ́wọ́ wọn fún?" Ìyá Ìbéèrè bi í ní àgọ́ ọlọ́pàá.

"Àwọn arìnrìn-àjò."

"Àwọn ẹlẹ́jẹ̀ omi?"

"Àwọn tí bàtà wọn ti jẹ. Àwọn ẹni ńlá kì í fẹ́ gbọ́ pé ẹ̀fọn ò mọ̀ wọ́n yàtọ̀."

"O ò bẹ̀rù pé wọ́n á fẹjọ́ sùn?"

"Kí wọ́n wí pé kí ló ṣe wọ́n? Ìtìjú wọn ni ẹ̀ṣọ́ mi, màdáámù."

Ó fọwọ́ sí gbogbo ohun tó jẹ́wọ́. Ní ilé ìwòsàn, ayàwòrán ti jókòó, ó ń béèrè oúnjẹ. Ara ọmọbìnrin náà ti tutù. Bàbá rẹ̀ jókòó tì í, ó di ife omi mú fún un.

"Wọ́n ní ẹ kígbe ní èbúté."

"Mo kígbe."

"Níwájú èèyàn?"

"Níwájú àwọn tí mo kọ́ níwèé."

Ọmọ náà mu omi náà tán. Bàbá ò gbójú kúrò lára ife.

"Ẹ wò mí lójú, Bàbá."

Ó gbìyànjú, kò ṣeé ṣe. Ọmọ náà gba ife lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀, ó sì dúró de ojú rẹ̀.