Ẹni Tó Ń Da Thính

Omi ń kán tótó lára Khương nígbà tí Diễm kọ́kọ́ rí i. Ó yọ̀ ṣubú láti orí ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ sínú odò tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba iwájú ilé Diễm, ó sì rọra gun àtẹ̀gùn wá sókè bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń wá ra ọjà. Thính ni ọmọbìnrin náà ń tà, ìrẹsì tí wọ́n yan títí tó fi pọ́n, tí wọ́n wá lọ̀ kúnná. Òun ni àwọn apẹja ń dà sójú omi kí ẹja lè wá.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọwọ́ lẹ fẹ́ fi mú ẹja ni?" Diễm bi í.

"Ẹja ni mo ń wá tẹ́lẹ̀," ó ní. "Ní báyìí, mi ò mọ̀ mọ́."

Diễm rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó ṣọ́ra. Ní ìlú wọn, Sa Đéc, bí ọkùnrin bá ń sọ ọ̀rọ̀ dídùn káàkiri láìní in lọ́kàn láti fẹ́ ẹnì kankan, wọ́n á ní ó ń da thính ni. Kò sì sí ẹni tí kò tíì gbọ́ nípa Khương, tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe lẹ́bàá afárá. Ẹnu rẹ̀ dùn jù.

Síbẹ̀, ó ń wá. Diễm bẹ̀rẹ̀ sí í ya thính tó dára jù sọ́tọ̀ dè é. Bàbá Diễm rí i, inú rẹ̀ kò sì dùn. Ẹlẹ́nu dídùn kan ló tan ẹ̀gbọ́n Diễm obìnrin lọ sí Sài Gòn, tó sì pa á tì síbẹ̀. Bàbá ní ìyẹn ò ní ṣojú òun lẹ́ẹ̀kejì.

Diễm ò fi pa mọ́ fún Khương. "Bàbá mi ní thính lẹ̀ ń dà."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Mi ò mọ̀. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn."

Láti ọjọ́ náà, Khương á wá, á kí i, á ra ọjà, á lọ. Kò dápàárá mọ́. Diễm á sì dúró lórí àtẹ̀gùn, á máa wo ọkọ̀ rẹ̀ títí kò fi ní rí i mọ́.

Nígbà tí omi kún, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Bàbá kọṣẹ́, ó sì di dandan kó gbé e lọ sọ́dọ̀ Khương. Ó jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Ó gbọ́ bí Khương ṣe ń pe ìyá arúgbó tó ń ta òdòdó ní ìyàwó òun, bó ṣe ń yin ajá oníbàárà. Gbogbo ayé ló ń bá ṣàwàdà. Bàbá wá mọ̀ọ́mọ̀ bi í pé kí ló rí lára Diễm. Khương la ẹnu, ó tún pa á dé. Sípánà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí Bàbá padà délé, Diễm ń yan ìrẹsì lọ́wọ́.

"Ọmọ yẹn ní ọ̀rọ̀ fún gbogbo èèyàn," Bàbá ní, "àmọ́ nígbà tí mo dárúkọ rẹ, kò rí ẹyọ kan sọ. Kì í ṣe thính nìyẹn. Ní kó mú ìyá rẹ̀ wá."

Wọ́n wá lóòótọ́, pẹ̀lú ewé trầu àti èso cau, tí wọ́n ń jẹ pọ̀ bí obì, tí wọ́n sì fi ń tọrọ ìyàwó. Bí àwọn àgbà ṣe ń mu tíì, Diễm àti Khương lọ jókòó sétí omi.

"Ẹ sọ nǹkan kan," Diễm ní.

"Mi ò mọ èyí tí mo lè sọ."

"Ṣé ẹ fẹ́ mi?"

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Diễm ti ọwọ́ rẹ̀ bọ ti Khương. "Èmi náà fẹ́ yín," ó ní, wọ́n sì wà níbẹ̀ títí tí Bàbá fi pè wọ́n wá jẹun.