Nọ́ọ̀tì Tí Ìfẹ́ Ń Tú

Ẹsẹ̀ kan ló fi wọlé, èkejì wà lábẹ́ abíyá rẹ̀. Ẹsẹ̀ tó wà lábẹ́ abíyá yẹn wọ ìbọ̀sẹ̀, ó wọ bàtà pupa tí wọ́n kùn tó ń dán, ó wá jọ pé òun gan-an ló múra òde. Ọmọbìnrin náà gbé e ka orí tábìlì, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ ti ògiri, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ bá òun pa á lẹ́nu mọ́.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà nídìí tábìlì gbójú sókè. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá, ọ̀pá abẹ́ abíyá àti kẹ̀kẹ́ àwọn tí kò lè rìn ni ibẹ̀, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì kọ́ ọ pé kó kọ́kọ́ máa wò lára ẹni. Lọ́jọ́ yìí, ojú ló kọ́kọ́ wò, ó sì pẹ́ díẹ̀ kó tó rántí pé ẹsẹ̀ wà lórí tábìlì.

Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, nítorí kì í kánjú, kì í sì í pariwo. Etí rẹ̀ kò gbọ́ràn dáadáa láti kékeré, ẹ̀rọ ìgbọ́ràn kékeré ló ń lò sí méjèèjì. Bí ariwo bá pọ̀ jù, á rọra fọwọ́ kan etí, á pa ẹ̀rọ náà, á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ ní àlàáfíà. Ìyókù wa tí etí wa pé, a ò ní irú àǹfààní yẹn.

Ó bi ọmọbìnrin náà ohun tí ẹsẹ̀ ń sọ tí wọ́n fi fẹ́ pa á lẹ́nu mọ́.

"Ó ń dún ké-ké-ké," ni èsì rẹ̀. "Télọ̀ ni mí. Bí mo bá ti dìde nídìí maṣíìnì báyìí, àwọn oníbàárà mi ti mọ̀ pé mò ń bọ̀ wá purọ́ fún wọn pé aṣọ ku bọ́tìnnì. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n á ti múra ìjà."

Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó yẹ ẹsẹ̀ náà wò, ó ní ẹni tó ṣe é kò wo ẹni tó fẹ́ lò ó rárá. Ẹsẹ̀ ọkùnrin gíga ni wọ́n gé kúrú. Ó ní òun máa ṣe tuntun tí kò ní rojọ́ ẹnikẹ́ni fún ará àdúgbò.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹsẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń mú lórí àtẹ. Wọ́n á po ẹfun mọ́ ibi tí ẹsẹ̀ gé sí kí wọ́n lè mú ìrísí rẹ̀, wọ́n á dán an wò, wọ́n á tún gbẹ́ díẹ̀ kúrò. Télọ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. Ẹni tó ti fi téèpù wọn gbogbo àdúgbò kò gbà kí ẹlòmíràn wọn òun láìjẹ́ pé ó bá a jà: ó ní Jẹ́jẹ́ kò fa téèpù le tó, Jẹ́jẹ́ ní ẹsẹ̀ lòun ń rán, kì í ṣe kaba.

Ohun kan kọ́kọ́ dààmú Télọ̀. Bó bá ti ń sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ ni ọkùnrin yìí máa ń wò ṣáá. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó rò pé oúnjẹ ló lẹ̀ mọ́ òun lẹ́nu, ó fi aṣọ nù ún, ó tún nù ún. Nígbà tó wá bi í, Jẹ́jẹ́ ṣàlàyé pé ẹ̀rọ ń gbé ohùn wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu lòun fi ń mọ ìyókù. Láti ọjọ́ náà ni Télọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kun ètè kó tó lọ dán ẹsẹ̀ wò. Ìyá rẹ̀ wò ó títí, ó ní òun ò mọ̀ pé ẹsẹ̀ tí wọ́n ń ṣe yẹn ń dé ẹnu.

Bàbá rẹ̀ kò ṣe yẹ̀yẹ́ ní tirẹ̀. Tíṣà ni, ó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tíṣà kò fẹ̀yìn tì lára rẹ̀. Láti ìgbà tí ọkọ̀ kan ti gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ yìí, kò jẹ́ kó jáde láìnídìí. Bí ọmọ bá ń rìn nínú ilé pàápàá, á máa tẹ̀ lé e, á na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ gba bọ́ọ̀lù.

Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ tuntun parí, Télọ̀ fi rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ògiri, ó rìn padà. Kò dún rárá. Ó dúró, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà, àgbàlagbà tí òun náà ń rìn lórí ẹsẹ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, pàtẹ́wọ́. Ó ti sọ ọ́ tipẹ́ pé bí òun bá sinmi, Jẹ́jẹ́ lòun máa fi gbogbo iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún.

Jẹ́jẹ́ wá sọ ohun tí wọ́n máa ń sọ fún gbogbo oníbàárà níbẹ̀, pé ẹsẹ̀ tó dáa kì í padà wá. Bí a ò bá tún fojú kàn yín, a jẹ́ pé iṣẹ́ wa yege. Bó ṣe sọ ọ́ tán ló tó gbọ́ ohun tó sọ, ojú rẹ̀ sì fà ro.

Télọ̀ délé, ẹsẹ̀ ń ṣe dáadáa, ọkàn ni kò rójú. Ẹ lè ní kí ló dé tí kò kàn lọ kí i. Kí ló fẹ́ wí fún Tíṣà? Yàtọ̀ sí ìyẹn, ṣé gbogbo oníbàárà kọ́ ni Jẹ́jẹ́ ń ṣe dáadáa sí? Bó bá lọ fi ara rẹ̀ wọ́lẹ̀, tí ọkùnrin náà wá bi í pé, "Kí ló ṣe ẹsẹ̀?" ńkọ́? Ó ronú títí, ojú rẹ̀ wá bọ́ sára sípánà kékeré tó fi ń tún maṣíìnì rẹ̀ ṣe. Ó wo nọ́ọ̀tì tó wà ní ọrùn ẹsẹ̀ tuntun. Ó gbé sípánà sí i, ó bá a mu wẹ́kú. Èṣù kọ́ ló ṣe é. Òun fúnra rẹ̀ ni.

Ó fi ọ̀pá rìn débẹ̀, ó ní nọ́ọ̀tì ti tú. Jẹ́jẹ́ dè é. Iṣẹ́ tí kò gbà ju ká mu omi tán lọ, ìdajì ọjọ́ ni wọ́n fi ṣe é, ọ̀rọ̀ ń dùn, ẹ̀rín ń sọ. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, nọ́ọ̀tì tún tú. Jẹ́jẹ́ pààrọ̀ rẹ̀. Ó tún tú. Inú Télọ̀ ń dùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́, kò sì mọ ohun tó ń bà jẹ́.

Ọ̀gá ló kọ́kọ́ fọkàn sí i. Ó pe Jẹ́jẹ́ sí kọ̀rọ̀, ó fi sùúrù bá a sọ̀rọ̀. Ó ní nọ́ọ̀tì tí kò dì dáadáa máa ń dún tà-tà díẹ̀ bí a bá mi ẹsẹ̀, kó tó di pé ó tú. Bóyá ìró kékeré yẹn ni kò dé etí rẹ̀. Ó ní kó má tíì ṣe ẹsẹ̀ tuntun ná, kó ṣì máa fi rọ́bà sí ìdí ọ̀pá, kí àwọn máa wò ó.

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Jẹ́jẹ́ lára. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún un pé etí rẹ̀ kò ní jẹ́ kó ṣe tibí, kò ní jẹ́ kó ṣe tọ̀hún, iṣẹ́ yìí nìkan ló sì ti sọ wọ́n di òpùrọ́. Ó wá ń ronú pé bí ẹnìkan bá gbára lé ẹsẹ̀ tí òun ṣe, tó wá ṣubú lójú títì ńkọ́? Bí Télọ̀ bá ṣubú ńkọ́? Nígbà tí Télọ̀ tún gbé ẹsẹ̀ dé, kò bá a ṣàwàdà. Ó fi gọ́ọ̀mù líle sí nọ́ọ̀tì, ó dè é, ó dá a padà fún un, ó ní ó dìgbà.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Télọ̀ kun ètè, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó mú sípánà. Nọ́ọ̀tì kò mira. Ó fi ọwọ́ méjì tẹ̀ ẹ́, ó fi eyín há ètè, ó ń kùn hùn-ùn, hùn-ùn. Tíṣà gbọ́ ọ láti pálọ̀, ó sáré ṣílẹ̀kùn.

"Mò ń dè é ni, Bàbá," ni Télọ̀ wí.

Tíṣà gbaná jẹ. Ó ní a jẹ́ pé ọkùnrin yẹn ti sọ ọmọ òun di ọmọ iṣẹ́. Ó ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, báwo ni ẹni tí kò gbọ́ràn ṣe máa gbọ́ bí nọ́ọ̀tì bá ń dún?

"Bàbá," Télọ̀ wí, "bí ẹlòmíràn bá sọ irú ẹ̀ nípa ẹsẹ̀ mi ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà bá Tíṣà, ṣùgbọ́n ó ti wọ bàtà, ẹni tó bá sì ti wọ bàtà ìjà kì í fẹ́ bọ́ ọ láìdé ibẹ̀. Ó ní ó di ilé iṣẹ́ náà. Télọ̀ wọ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tẹ̀ lé e.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, Jẹ́jẹ́ kọ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, ó ń kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpótí. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí bí Tíṣà ṣe ya ẹnu, ó fọwọ́ kan etí rẹ̀ méjèèjì, ó padà sídìí ohun tó ń kó. Tíṣà wàásù, ó gbẹ́nu lé iṣẹ́ tí a ò fara balẹ̀ ṣe, ó gbẹ́nu lé ojúṣe ẹni. Ọ̀gá jẹ́ kó mí, ó wá ní:

"Ẹ má bínú, sà. Ó ń lọ nìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló ní etí òun kò ká iṣẹ́ yìí mọ́, nítorí ẹsẹ̀ ọmọ yín. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà."

Télọ̀ ti rò pé nọ́ọ̀tì lásán lòun ń tú, àṣé ọkùnrin náà gan-an lòun ń tú palẹ̀. Bó bá dákẹ́ báyìí, ẹni tó fẹ́ràn á gbé àpótí rẹ̀ jáde, á sì gbà títí ayé pé etí òun ló ba ti òun jẹ́.

"Èmi ni mò ń tú u," ó wí. "Sípánà maṣíìnì mi ni mo fi ń tú u. Iṣẹ́ rẹ kò ní àléébù, etí rẹ kò sì ṣe nǹkan kan. O ní ẹsẹ̀ tó dáa kì í padà wá, èmi sì fẹ́ máa padà wá. Mo fẹ́ràn rẹ, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ni mo bá ń tú nọ́ọ̀tì."

Ìyá kan tó ń dúró de táyà tuntun yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sápá kan kó lè rí wọn dáadáa. Jẹ́jẹ́ kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Ó mú òòlù, ó fi aṣọ wé e, ó tẹ́ ẹ sínú àpótí.

Omi lé ròrò sí Télọ̀ lójú. Ọ̀gá ń pa ẹ̀rín mọ́ra, kò lè pa á mọ́ tán. "Ọmọ mi, ó ti pa ẹ̀rọ. Ìgbà tí bàbá rẹ ya ẹnu ló ti pa á. Wàá tún un sọ."

Èyí àkọ́kọ́ nira, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó fẹ́ sọ nígbà yẹn. Báyìí, gbogbo wọn ti mọ̀, wọ́n sì ti fara balẹ̀ láti gbọ́ ọ. Tíṣà ń wo òkè ilé. Ìyá orí kẹ̀kẹ́ ní kó jọ̀ọ́ sọ ọ́ sókè díẹ̀ sí i.

Télọ̀ yí tábìlì po, ó dúró níwájú Jẹ́jẹ́. Jẹ́jẹ́ rí omi lójú rẹ̀, ó yára fọwọ́ sí etí, ó tan ẹ̀rọ.

"Èmi ni mò ń tú u," ó rọra wí, "kí n lè máa rí ọ. Mo fẹ́ràn rẹ."

Jẹ́jẹ́ wo ẹnu rẹ̀ títí. "Gbogbo ìgbà?"

"Gbogbo ìgbà. Àfi èyí tí o fi gọ́ọ̀mù lẹ̀."

"Ẹsẹ̀ náà dáa?"

"Mo ní mo fẹ́ràn rẹ, ẹsẹ̀ lò ń bi mí."

"Dá mi lóhùn ná, jọ̀ọ́."

"Ó dáa. Mi ò tíì gbé ẹsẹ̀ lé ohun tó dáa tó bẹ́ẹ̀ rí."

Jẹ́jẹ́ jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Ẹ̀rín àti ẹkún ló pa pọ̀. Nígbà tó ṣíjú, ó ní òun máa bínú sí i, ṣùgbọ́n kó jẹ́ kó di ọ̀la, nítorí inú òun dùn jù lónìí. Ó ní òun náà ti fẹ́ràn rẹ̀ látọjọ́ tó ní kí òun pa ẹsẹ̀ lẹ́nu mọ́, ojú ló ń ti òun láti lọ kan ilẹ̀kùn oníbàárà. Télọ̀ bẹ̀ ẹ́ kó dárí ji òun, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú níwájú bàbá rẹ̀, níwájú Ọ̀gá àti gbogbo ẹni tó wá tún nǹkan ṣe. Ọ̀gá rọra bẹ̀rẹ̀ sí í kó irinṣẹ́ padà sórí tábìlì.

Tíṣà wú ikọ́. Kò mọ́ ọn lára láti gba òdo nínú ìdánwò.

"Mo sọ ọ̀rọ̀ kan nípa etí rẹ nínú ilé mi," ó wí fún Jẹ́jẹ́. "Kò dáa. Ọmọ mi ti bá mi wí. Má bínú."

Jẹ́jẹ́ dìde, ó tẹrí ba, ó ní kò sí ìbínú kankan. Ó ní bí bàbá bá gbà, òun fẹ́ kí àwọn òbí òun wá kí wọn nílé, nítorí ọmọ wọn yìí lòun fẹ́ fi ṣe aya.

Tíṣà wo ọmọ rẹ̀. Ó wo ọwọ́ tó di ọwọ́ mú. Ó bi Jẹ́jẹ́ bóyá ẹ̀rọ etí yẹn wà ní títàn báyìí. Jẹ́jẹ́ ní ó wà ní títàn, sà.

"Fetí sílẹ̀ dáadáa nígbà náà, torí n kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kí wọ́n máa bọ̀ ní Sátidé. Mo fún ọ ní ọmọ mi."

Jẹ́jẹ́ gbọ́ ọ ketekete, kò sí èyí tó bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ó wo Télọ̀, ó gbé ọwọ́ sí etí bí ẹni tí ohùn kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ẹ dákun, sà," ó wí, "ẹ tún un sọ."

Tíṣà sì tún un sọ.