Ẹni Tó Ń Sá fún Ọpẹ́

Bí ènìyàn bá ń sá fún ẹni tó yọ pàṣán, kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè ìdí. Ṣùgbọ́n ta ni o ti rí rí tó ń sá fún ẹni tó fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀?

Olúwajùwọ́n lorúkọ ọkùnrin náà. Missouri City ló ń gbé, lẹ́bàá Houston ní Amẹ́ríkà, yunifásítì kan nílùú náà ló sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní basketball. Kóòṣì ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àga iwájú ni tirẹ̀, ohùn rẹ̀ a sì máa ròkè nínú orin. Ṣùgbọ́n Jésù kò sí lọ́kàn rẹ̀. Àwọn ọmọ tó ti sọ di agbábọ́ọ̀lù olówó ńlá ló kún ibẹ̀.

Kò bìkítà fún ife-ẹ̀yẹ. Ìwé ńkọ́? Ìyẹn gan-an ló fi ń ṣẹ̀fẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì máa kó ife, kí ẹlòmíì máa kó sátífíkéètì," ni ó máa ń wí. "Èmi, iṣẹ́ olówó gọbọi ni mo ń bá ọmọ wá." Bí ọmọ kan bá sì ti bọ́ sí ẹgbẹ́ ńlá, ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e ni Kóòṣì yóò jẹ́rìí. Ọlọ́run ni yóò fi bẹ̀rẹ̀, ara rẹ̀ ni yóò fi parí.

Ẹnìkan wà tí kì í pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹkúndayọ̀ ni, àgbàlagbà onígbàgbọ́ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù náà. "Jùwọ́n, àwọn tí kò bá rọ́wọ́ mú ńkọ́?" ni ó bi í lọ́jọ́ kan.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi àwọn yẹn sílẹ̀," ni Jùwọ́n fèsì, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀kan nínú àwọn yẹn ni Olúwaníyì. Ìjẹ̀bú-Igbó ni Jùwọ́n ti lọ mú un wá, lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ tó jẹ́ opó. Màmá náà di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó fi lé Jùwọ́n lọ́wọ́. "Mo fi ọmọ mi lé ọ lọ́wọ́ o. Bọ́ọ̀lù dára, ṣùgbọ́n ìwé ni kó kà wá fún mi."

Jùwọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Màmá, ọmọ tèmi náà ni."

Wò ó bí ó ti tọ́jú ọmọ. Nígbà tí ó ku ọdún kan kí Níyì parí, Jùwọ́n ló ní kó pa ìwé tì, kó lọ fi ara rẹ̀ han àwọn ẹgbẹ́ ńlá. Nígbà tí ọjọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ náà ń ṣa àwọn tí wọ́n fẹ́ dé, wọ́n ṣà ṣà ṣà, wọn kò dárúkọ Níyì. Ojú ti ọmọ, kò padà sí kíláàsì mọ́. Iṣẹ́ ẹrù gbígbé ló ń ṣe ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Katy, lẹ́bàá Houston náà. Jùwọ́n kò tilẹ̀ pè é mọ́. Ọmọ mìíràn tó ga jù ú lọ ti dé. Nígbà tí Màmá wá béèrè lórí fóònù, Jùwọ́n purọ́ láìṣẹ́jú. "Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Níyì ti gboyè jáde." Ìtìjú kò sì jẹ́ kí Níyì náà sọ òótọ́ fún ẹnikẹ́ni nílé wọn.

Ìwọ náà mọ bí àwọn ìyá wa ṣe rí. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Màmá wọkọ̀ òfuurufú, ó dé sílé ọmọ rẹ̀ obìnrin, Doyinsọ́lá, ní Cypress nítòsí Houston, ó ní òun fẹ́ kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Kóòṣì.

Ìgbà náà ni sísá bẹ̀rẹ̀. Níyì ní iṣẹ́ kò tíì jẹ́ kí òun ráyè wá kí ìyá òun. Kóòṣì ní òun wà ní ìrìn-àjò. Ó ní òun wà nípàdé. Màmá kò bínú; àdúrà ló ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. "Jùwọ́n ọmọ mi, ọmọ tìrẹ náà yóò rí aláàánú nílẹ̀ àjèjì." Jùwọ́n ń gbọ́ ọ lórí freeway, títì márosẹ̀ wọn, òógùn sì bò ó nínú ọkọ̀ tó tutù. Kò jẹun dáadáa mọ́, kò sì rí oorun sùn. Bó jókòó, a dìde. Bó dìde, kò mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Ó ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ níbi ìdánrawò láìnídìí. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kúkú ti wí i pé bí òkun tí ń ru ni ọkàn ẹni búburú, kò lè sinmi.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, Wùmí ìyàwó rẹ̀ pè é. "Dádì Tófúnmi, Ìyá Níyì wà níbí o. Wọ́n ní àwọn ò ní lọ àfi bí àwọn bá rí yín."

Jùwọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé. Ó yí mọ́tò padà. Ó gba freeway kan bọ́ sí òmíràn, títí ó fi bá ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Ẹkúndayọ̀, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ kí ọmọ náà lówó ni."

"Irọ́ ni, Jùwọ́n," ni Ẹkúndayọ̀ wí jẹ́jẹ́. "O fẹ́ kí wọ́n máa kan sáárá sí ọ ni. O fi ọmọ opó wá orúkọ."

"Kí ni kí n wá ṣe báyìí? Ẹ bá mi bá Màmá sọ̀rọ̀."

"Èmi kọ́. Ọlọ́run lo kọ́kọ́ ṣẹ̀. Jésù kú fún ẹlẹ́ṣẹ̀, ó sì ń gba ẹlẹ́ṣẹ̀, ṣùgbọ́n kì í gba àwáwí."

Ọ̀rọ̀ yìí gún Jùwọ́n lọ́kàn. Láti kékeré ló ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì tíì pe ara rẹ̀ ní ẹlẹ́ṣẹ̀ rí. Ó kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó sunkún bí ọmọdé. "Olúwa Jésù, òpùrọ́ ni mí. Mo ta ọmọ ọlọ́mọ nítorí ìyìn. Ṣàánú mi."

Nígbà tó délé, Màmá rí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀. Jùwọ́n sáré dọ̀bálẹ̀ kí orúnkún ìyá tó kanlẹ̀.

"Màmá, ẹ má dúpẹ́ o. Níyì kò gboyè. Èmi ni mo ní kó fi ìwé sílẹ̀, èmi náà ni mo purọ́ fún yín."

Màmá jókòó, ó fọwọ́ lẹ́rán. Ó ní, "Mi ò lè dárí jì ọ́ lónìí. Inú ń bí mi. Mú mi lọ bá ọmọ mi."

Ní Katy, Níyì ń jáde níbi iṣẹ́, eruku páálí wà lára aṣọ rẹ̀. Ó rí ìyá rẹ̀, ó dúró sójú kan. Kó tó la ẹnu, Kóòṣì ti nà gbalaja sórí kọnkéré níwájú ọmọ tó lè bí. Níbo ni àgbà ti ń dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé?

"Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Wọ́n ń wò wá."

"Jẹ́ kí wọ́n wò," ni Jùwọ́n fèsì. "Mo ṣẹ̀ ọ́, Níyì."

Mi ò ní tàn ọ́: Níyì kò dì mọ́ ọn lọ́jọ́ náà. Ẹkúndayọ̀ ló bá a ṣètò bó ṣe padà sí kíláàsì. Àwọn ọmọ kan tó mọ bọ́ọ̀lù gbá dáadáa fi Jùwọ́n sílẹ̀, nítorí ó ní ẹni tí kò bá kàwé kò ní gbá bọ́ọ̀lù, àwọn ọ̀gá rẹ̀ sì ń kùn. Ṣùgbọ́n ó ń jẹun, ó sì ń sùn.

Ọ̀rẹ́ mi tó ń ka ìwé yìí, Màmá ní òun kò lè dárí jì í lọ́jọ́ náà. Jésù ti dárí jì í kó tó dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ìwọ náà ńkọ́? Bóyá àwọn èèyàn ń kí ọ kú iṣẹ́, tí ó sì jẹ́ pé ìwọ nìkan lo mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Má sọ pé ó di ìgbà tí ọmọ bá gboyè, tàbí ìgbà tí ilé bá di tìrẹ. Ta ló fi ọ̀la hàn ọ́? Níbi tí o wà yìí, ìbáà jẹ́ nínú ọkọ̀ tí o páàkì, ìbáà jẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, sọ òótọ́ fún Jésù: "Ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí, gbà mí." Yóò gbọ́. Lẹ́yìn náà, dìde, kí o lọ bá ẹni tí o ṣẹ̀. Lónìí ni o.